Bí A Ṣe Ń Ka Ìlà Tó Ń Yí Padà Nínú Yijing

Jíju kọ́ìnì kọ́ ni iṣẹ́ nínú Yijing, ìwé àyẹ̀wò àtayébáyé àwọn ará Ṣáínà. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀ ni ìgbà tí ìlà méjì tàbí mẹ́ta bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ ìlà kan ní ká máa lọ, òmíràn ní ká jókòó, àmì tuntun tó jáde tún gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ dé. Ẹni tó ń wò á wá ṣa èyí tó dùn mọ́ ọn nínú. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni bí ẹ ó ṣe mọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí ẹ kà, èyí tó yẹ kí ẹ fi sílẹ̀, àti bí ẹ ó ṣe jókòó ti ìlà kan ṣoṣo títí yóò fi dá yín lóhùn.

Àmì 64 ló wà nínú ìwé náà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlà 6 tí a tò lé ara wọn: ìlà odindi ni yang, ìlà tó gé láàárín ni yin. Ìlà mẹ́ta ìsàlẹ̀ jẹ́ ìdajì kan, mẹ́ta òkè jẹ́ ìdajì kejì, ìdajì kọ̀ọ̀kan sì ní orúkọ: Ọ̀run, Ilẹ̀, Àrá, Omi, Òkè, Afẹ́fẹ́, Iná tàbí Adágún. Àmì kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, èyí tí a ó máa pè ní ọ̀rọ̀ àmì. Ìlà kọ̀ọ̀kan náà ní ọ̀rọ̀ ìlà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 384.

Ẹni tó mọ Ifá ní láti ṣọ́ra níbi méjì. Babaláwo ń tẹ odù láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Níbí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ìlà kìn-ín-ní wà, a ó sì máa gòkè. Èkejì ni pé odù tó bá ti hàn lójú ọpọ́n ti hàn nìyẹn, kò sí ojú kan lára rẹ̀ tí yóò di òmíràn. Nínú Yijing, ìlà lè máa yí lọ bí a ṣe ń wò ó. Àmì kejì tó bá ti ibẹ̀ jáde kì í ṣe odù kejì tí a dá. Ara ti àkọ́kọ́ ni.

Jíjù àti kíkọ sílẹ̀

Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ ní gbólóhùn kan kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ́ìnì. "Ṣé ó dára àbí kò dára?" kì í jẹ́ kí ìlà ríbi dì mú. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an: "Bí mo bá ṣe báyìí, kí ni yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?"

Kọ́ìnì mẹ́ta tó bára dọ́gba ni ẹ ó lò. Lára kọ́ìnì àtijọ́ ilẹ̀ Ṣáínà, ojú tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí jẹ́ 2, ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 3. Bó bá jẹ́ kọ́ìnì òde òní, ẹ fi ojú tí iye owó wà ṣe 2. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ má pààrọ̀ rẹ̀ láé, nítorí bí ojú bá yí, gbogbo yin yóò di yang láì jẹ́ pé ẹ mọ̀. Ẹ gbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ dà wọ́n sílẹ̀, ẹ ro iye wọn pọ̀:

6 ni yin tó ti gbó. Ìlà gígé ni, a ń fi × sí àárín rẹ̀. Yóò yí di yang.
7 ni yang tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ìlà odindi, kì í yí.
8 ni yin tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ìlà gígé, kì í yí.
9 ni yang tó ti gbó. Ìlà odindi ni, a ń fi ○ sí i. Yóò yí di yin.

Ohun tó ti dé góńgó ló ń yí. Yang tó ti kún dé ẹnu kò ní ibòmíràn tí yóò gbà ju kó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yin. Èyí tó ṣì ń dàgbà kò tíì tó yí.

Ẹ ju kọ́ìnì lẹ́ẹ̀mẹfà, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe ya ìlà tó ti yí tán lórí èyí tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ ya àmì kejì lọ́tọ̀, lápá ọ̀tún: ìlà 7 àti 8 yóò wà bí wọ́n ṣe wà, 6 yóò di odindi, 9 yóò di gígé.

Àwọn tó ń lo igi ewé shi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú igi tẹ́ẹ́rẹ́ 50, wọ́n á yọ 1 sápá kan, 49 ni wọ́n á sì máa pín. Ìpín mẹ́ta ló ń bí ìlà kan, nítorí náà ìpín 18 ló ń bí àmì kan. Ìpín kìn-ín-ní gbọ́dọ̀ mú igi 5 tàbí 9 kúrò. Ìkejì àti ìkẹta, 4 tàbí 8. Ohun tó bá ṣẹ́kù gbọ́dọ̀ jẹ́ 36, 32, 28 tàbí 24, tí a ó fi 4 pín kó lè di 9, 8, 7 tàbí 6. Bí iye mìíràn bá jáde, ẹ ti ṣi kà, ẹ tún ìlà náà ṣe. Ọ̀nà méjèèjì kò dọ́gba ṣá o. Nídìí kọ́ìnì, 6 àti 9 ní àyè kan náà, ẹ̀ẹ̀kan nínú 8. Nídìí igi, 9 ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú 16, 6 ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹni tó bá ń lo igi yóò rí i pé yang ló ń yí lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì ní tètè rí yin tó yí.

Ní ọ̀nà méjèèjì, ìlà kọ̀ọ̀kan ní àyè ẹ̀ẹ̀kan nínú 4 láti yí. Bí a bá ṣírò rẹ̀, nínú àyẹ̀wò 100, bíi 18 kò ní ní ìlà kankan tó yí, 36 yóò ní ìlà 1, 30 yóò ní méjì, 13 yóò ní mẹ́ta. Mẹ́rin sókè kò tó 4 nínú 100. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ gbájú mọ́ kíka ìlà kan àti méjì dáadáa, torí wọn ni ẹ ó máa bá pàdé.

Ọ̀rọ̀ wo ni ká kà?

Òfin tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé ni ti Zhu Xi, ọ̀mọ̀wé ayé ìran ọba Song (1130–1200), nínú ìwé tó ṣe ní 1186 fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ (nọ́ńbà tó wà níwájú níbí jẹ́ iye ìlà tó yí, kì í ṣe ipò ìlà):

Kò sí ìlà tó yí: ọ̀rọ̀ àmì ni ẹ ó kà.
Ìlà 1: ọ̀rọ̀ ìlà náà, nínú àmì àkọ́kọ́.
Ìlà 2: ọ̀rọ̀ ìlà méjèèjì nínú àmì àkọ́kọ́, ti òkè ló jẹ́ olórí.
Ìlà 3: ọ̀rọ̀ àmì méjèèjì, ti àkọ́kọ́ ni ìdí ọ̀rọ̀.
Ìlà 4: ìlà méjì tí kò yí, nínú àmì kejì, ti ìsàlẹ̀ ló jẹ́ olórí.
Ìlà 5: ìlà kan tí kò yí, nínú àmì kejì.
Ìlà 6: ọ̀rọ̀ àmì kejì. Qian (àmì 1, Ọ̀run lórí Ọ̀run) àti Kun (àmì 2, Ilẹ̀ lórí Ilẹ̀) nìkan ni wọ́n yàtọ̀, torí wọ́n ní ọ̀rọ̀ àfikún tiwọn: ti Qian sọ nípa agbo dírágónì tí kò ní orí, pé ire ni, ti Kun ní kí a dúró ṣinṣin títí lọ.

Ó máa ń ya èèyàn lẹ́nu pé láti mẹ́rin sókè, ìlà tí kò yí ni à ń kà. Bí ọ̀pọ̀ bá ń rìn, ẹni tó dúró ni ojú yóò wò. Ní ti ìlà mẹ́ta, ẹ má ṣe to ọ̀rọ̀ ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àmì méjèèjì. Ọ̀rọ̀ márùn-ún yóò fún yín ní ìdáhùn èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́, ìyẹn ni pé kò dáhùn rárá.

Kí wá ni iṣẹ́ àmì kejì nígbà tí ìlà kan péré bá yí? Nínú Zuozhuan, ìwé ìtàn àwọn ìpínlẹ̀ Ṣáínà àtijọ́, wọn kì í sọ pé "ìlà kẹrin Guan". Wọ́n á ní "Guan zhi Pi", Guan (àmì 20) tó ń lọ sí Pi (àmì 12). Bí ìlà kẹrin Guan nìkan bá yí, Pi ló ń dà, nítorí náà orúkọ àmì kejì ni àdírẹ́sì ìlà náà. Ẹ rántí èyí nígbàkigbà tó bá ń ṣe yín bíi kí ẹ ka àmì kejì bí ìròyìn ọjọ́ iwájú tó dá dúró. Ìlà ló ni ọ̀rọ̀. Àmì kejì ń fi apá ibi tí ìlà kọjú sí hàn ni.

Kíka ìlà kan

Kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀ ìlà, ẹ wo ibi tó jókòó sí.

Ipò rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ìlà 1 ni ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ ṣì fara pamọ́. Ìlà 6 ni òpin, ọ̀rọ̀ ti hàn síta, ó sì sábà máa ń ti kọjá àlà. Nípa mẹ́rin tó wà láàárín, àlàyé àtijọ́ tó wà lára ìwé náà ní ìlà 2 ní ìyìn púpọ̀, ìlà 3 ní ibi púpọ̀, ìlà 4 ní ìbẹ̀rù púpọ̀, ìlà 5 ní àṣeyọrí púpọ̀. Ìlà 5 ni ìjókòó ọba. Ìlà 4 ni ìjòyè tó jókòó ti ọba, ìdí rẹ̀ tí kò fi lè sùn fọnfọn. Ìlà 3 wà lókè ìdajì ìsàlẹ̀, ó fẹ́ fò kọjá sí ìdajì òkè, ibẹ̀ sì ni èèyàn ti ń já bọ́.

Lẹ́yìn náà, ṣé ó wà ní àyè tó bá a mu? Ipò 1, 3, 5 jẹ́ ti yang. 2, 4, 6 jẹ́ ti yin. Ìlà 2 àti 5 tún ní ànfààní pé àárín ìdajì wọn ni wọ́n wà, àárín yìí sì lè bo àṣìṣe àyè mọ́lẹ̀.

Ẹ wo ẹnìkejì rẹ̀ náà: 1 pẹ̀lú 4, 2 pẹ̀lú 5, 3 pẹ̀lú 6. Bí ọ̀kan bá jẹ́ yin tí èkejì jẹ́ yang, wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Bí wọ́n bá jẹ́ irú kan náà, kò sẹ́ni tí yóò jẹ́ ìpè ẹlòmíràn.

Ìgbà yìí ni ẹ ó tó ka ọ̀rọ̀ ìlà, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ìdájọ́ tó tẹ̀ lé e. Ji jẹ́ ire, xiong jẹ́ ibi. Hui ni àbámọ̀, lin ni ìtìjú. Kékeré ni méjèèjì, wọ́n ṣeé tún ṣe. Wu jiu, "kò sí ẹ̀bi", ni wọ́n ń ṣì kà jù. Kì í ṣe ire. Ohun tó ń sọ ni pé ẹni náà mọ bí a ti ń tún àṣìṣe ṣe, nítorí náà a kò ní bá a wí.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí sẹ́nu iṣẹ́. Ẹnìkan béèrè pé: "Bí mo bá san owó ọdún méjì lórí ṣọ́ọ̀bù yìí kí oṣù tó parí, kí ni yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?" Láti ìsàlẹ̀, ó rí 7, 9, 9, 8, 7, 8. Odindi mẹ́ta nísàlẹ̀ jẹ́ Ọ̀run. Gígé, odindi, gígé lókè jẹ́ Omi. Omi lórí Ọ̀run ni àmì 5, Xu, Dídúró de Àkókò. Ìlà 2 àti 3 yí, ìsàlẹ̀ wá di odindi, gígé, gígé, ìyẹn Àrá. Omi lórí Àrá ni àmì 3, Zhun, Ìnira Ìbẹ̀rẹ̀.

Omi jẹ́ ewu, ó sì wà níwájú. Ẹ wo bí àwọn ìlà Xu ṣe ń sún mọ́ ọn. Ìlà 1 ń dúró ní pápá lẹ́yìn ìlú. Ìlà 2 ti dé orí iyanrìn, àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ire. Ìlà 3 ti wọ ẹrẹ̀, ó sì ń fa olè wá. Ìlà 4 ti wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá ka ìlà 3 láì mọ̀ pé iyanrìn wà lẹ́yìn rẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ níwájú rẹ̀ kò tíì kà á.

Ìlà 2 jẹ́ yang ní àyè yin, ẹnìkejì rẹ̀, ìlà 5, sì jẹ́ yang bíi tirẹ̀, kò sẹ́ni tó ń fà á. Àmọ́ ó wà ní àárín, ó lè dúró jẹ́ẹ́. Ìlà 3 wà ní àyè tirẹ̀, ó lágbára, ìlà 6 tó jẹ́ yin sì ń pè é láti òkè. Agbára yẹn àti ìpè yẹn ló tì í wọ ẹrẹ̀. Ìlà méjì ló yí, ti òkè jẹ́ olórí, nítorí náà ìlà 3 ni ìdáhùn: kíkánjú sanwó yìí ni wíwọ ẹrẹ̀. Olè kò ṣàdédé wá, ẹni tó wọ ẹrẹ̀ ló fà á. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí xiong nínú ọ̀rọ̀ ìlà yìí, àlàyé rẹ̀ tilẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ṣọ́ra kò ní pàdánù. Ìlà 2 ń sọ ohun tí fífà sẹ́yìn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀: àwọn èèyàn yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Zhun, tó kọjú sí, ní kí a má ṣe dá ìrìn àjò kankan lé, pé ó dára láti yan olùrànlọ́wọ́. Ìmọ̀ràn tí a lè fún un kò le: kó má sanwó náà lóṣù yìí, kó wá ẹni tí yóò yẹ ìwé wò tí yóò sì bá onílé dúnàádúrà.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta látinú Zuozhuan

Lábẹ́ ọdún 672 ṣáájú ìbí Jésù, ìwé náà sọ pé nígbà tí Jingzhong, ọmọ ọba Chen, ṣì kéré, akọ̀wé kan láti Zhou ṣe àyẹ̀wò fún un, ó sì rí Guan tó ń lọ sí Pi. Ọ̀rọ̀ ìlà náà ni pé kí a lọ wo ògo orílẹ̀-èdè, pé ó yẹ láti jẹ́ àlejò ọba. Akọ̀wé náà kò fi mọ síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkè ti di Ọ̀run, Ilẹ̀ wà nísàlẹ̀, ìlà 2, 3 àti 4 Pi sì para pọ̀ di Òkè. Àlejò kì í wà nílé ara rẹ̀, nítorí náà ìlú òkèèrè ni; Òkè tọ́ka sí ìdílé Jiang tó ń jọba ní Qi. Jingzhong sá lọ sí Qi lóòótọ́, ìdílé rẹ̀ sì gba ìjọba níbẹ̀. Ọba Zhou fọwọ́ sí i ní 386 ṣáájú ìbí Jésù. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ ni wọ́n kọ ìtàn náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìkàwé tó wà nínú rẹ̀ wúlò: ọ̀rọ̀ ìlà ṣáájú, ìdajì tó yí tẹ̀ lé e, ohun tí ìdajì yẹn dà ló parí rẹ̀.

Ní 530 ṣáájú ìbí Jésù, Nan Kuai, alábòójútó ìlú Fei ní Lu, fẹ́ dìtẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀. Ó rí Kun tó ń lọ sí Bi, ìyẹn ìlà 5 Kun: aṣọ ìsàlẹ̀ aláwọ̀ yẹ́lò, ire ńlá. Inú rẹ̀ dùn. Zifu Huibo, ìjòyè kan ní Lu, sọ fún un pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ òtítọ́ ni, yóò rí bẹ́ẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò forí ṣánpọ́n. Yẹ́lò jẹ́ àwọ̀ àárín, aṣọ ìsàlẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó wà lábẹ́ ẹlòmíràn. Ire yẹn, ti ẹni tó mọ ipò rẹ̀ ni. Ọ̀tẹ̀ náà já sí asán, Nan Kuai sì sá lọ sí Qi. Nítorí náà, kí ẹ tó yọ̀ sí ji, ẹ bi ara yín bóyá ẹni tí ìlà ń ṣàpèjúwe ni ẹni tó ń béèrè.

Ẹ̀kẹta ni Mu Jiang, ìyá ọba Lu, tí wọ́n tì mọ́ Ààfin Ìlà-Oòrùn. Gen tó ń lọ sí Sui ló rí: ìlà márùn-ún yí, ìlà 2 nìkan ló dúró. Akọ̀wé ní Sui jẹ́ ìjáde, yóò kúrò níbẹ̀ láìpẹ́. Obìnrin náà fúnra rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ àmì Sui ṣèlérí "kò sí ẹ̀bi" fún ẹni tó ní ìwà mẹ́rin tí ọ̀rọ̀ náà dárúkọ, òun kò sì ní ìkankan nínú wọn. Ibẹ̀ ló kú sí ní 564 ṣáájú ìbí Jésù. Zhu Xi sọ pé akọ̀wé yẹn ṣi ọ̀rọ̀ mú, pé ìlà 2 Sui tí kò yí ló yẹ kó kà: ó di ọmọdé mú, ó pàdánù àgbà ọkùnrin.

Ibi tó ti ń bàjẹ́

Kíkà láti òkè ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù, ó sì ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ láì jẹ́ kó hàn, torí àmì kan yóò ṣáà jáde. Bí ìlà 4 Guan bá yí, àwọn mìíràn a lọ ka ìlà 4 Pi. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àyàfi nígbà tí ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún bá yí ni a ń ka ìlà nínú àmì kejì.

Títún ìbéèrè kan náà jù nítorí pé ìdáhùn kò dùn jẹ́ ohun tí ìwé náà fúnra rẹ̀ bá wí. Ọ̀rọ̀ àmì 4, Meng, sọ pé ìgbà àkọ́kọ́ a dáhùn, ìkejì àti ìkẹta jẹ́ ìwọ̀sí, a kò sì ní dáhùn mọ́. Bí ìlà kò bá yé yín, ẹ padà sí ipò rẹ̀ àti ẹnìkejì rẹ̀.

Ẹ má sì da oríṣiríṣi ọ̀nà àyẹ̀wò pọ̀. Liu Yao, tí gbòǹgbò rẹ̀ wá láti ọwọ́ Jing Fang (77–37 ṣáájú ìbí Jésù), ń fi ohun márùn-ún, igi, iná, ilẹ̀, irin àti omi, ṣe ìdájọ́ ìlà tó yí. Ọ̀rọ̀ ìlà kọ́ ni wọ́n ń gbé ìdájọ́ lé. Ọ̀nà Ìtànná Mei, tí wọ́n kà sí ti Shao Yong (1011–1077), ń wá ìlà tó yí nípa fífi 6 pín iye, ìlà kan ṣoṣo ló sì ń rí nígbà gbogbo. Òfin Zhu Xi kò wúlò nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Ẹ ní ìwé kékeré kan fún un. Ohun tí ẹ ó kọ fún ti ṣọ́ọ̀bù yẹn kò ju báyìí lọ: ọjọ́, ìbéèrè bí ẹ ṣe sọ ọ́, 7 9 9 8 7 8, Xu zhi Zhun, ìlà 3 ni olórí, ìlà 2 tẹ̀ lé e, "má sanwó lóṣù yìí, wá ẹni tí yóò yẹ ìwé wò", àti ọjọ́ tí ẹ ó padà wá wò ó bóyá bí ẹ ṣe kà á ló rí.